Ẹsẹ̀ Tí Kò Dùn Ún

Ẹsẹ̀ Ṣèyífúnmi méjèèjì ló le koko. Kò sí èyí tó kúrú, kò sí èyí tó ń dùn ún, síbẹ̀ ó ń tiro. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ọmọlabí ni ìtiro náà ti wá. Bàbá yìí ló dá ìjọ wọn sílẹ̀ ní Mòwé, nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá bọ́ọ́lẹ̀ létí márosẹ̀ nírọ̀lẹ́, àdúrà ló máa gbà títí á fi délé. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gun òrùlé ilé ìsìn àkọ́kọ́ lọ kan páànù. Ibẹ̀ ló ti já bọ́, orúnkún ọ̀tún sì fọ́. Àtìgbà náà ló ti ń tiro. Ohùn rẹ̀ náà há, torí àìmọye ọdún ló fi ń wàásù nínú gáréèjì láìsí máìkì. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á wá ní, "Ẹ̀yin ará Olúwa!" Gbogbo ìjọ á sì dìde fùú.

Àwọn pásítọ̀ kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀ wo èyí, wọ́n ní àṣé bí agbára ṣe ń wọlé sára èèyàn nìyí. Ni ọ̀kan bá ń wúkọ́, ni èkejì bá ń há ohùn, nígbà tó yá gbogbo wọn ti ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí ẹ bá yọjú sí ìpàdé wọn, ẹ ó rò pé ọ̀dọ̀ àwọn teguntegun lẹ yà sí. Kò sẹ́ni tó bi Bàbá bóyá ó wù ú kí wọ́n máa tiro. Ṣèyífúnmi ló sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Òun ti wúkọ́, ó ti tiro, ó ti ń fi ìnujú funfun nu iwájú orí níbi tí òógùn ò sí. Àwọn ìyá ìjọ á ní, "Bàbá kékeré! Bàbá gan-an lẹ gbé jáde!" Inú rẹ̀ á dùn ṣìnkìn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé ìsìn tuntun kan sí Mágbọ̀rọ̀, láàárín àwọn ilé tuntun tó ń yọ bí olú níbẹ̀. Bàbá ń wá pásítọ̀ tí yóò máa darí rẹ̀. Ṣèyífúnmi ló máa wàásù níbẹ̀ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, níṣojú Bàbá, bí ó bá sì wàásù dáadáa, tirẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí rẹ̀. Ó ti gbálẹ̀ ìjọ, ó ti to àga, ó ti gbé báàgì Bàbá títí èjìká rẹ̀ fi mọ báàgì náà dunjú. Kò sí ohun tó wù ú láyé yìí tó Mágbọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ fẹ́nì kankan. Bó bá kúnlẹ̀ lóun nìkan láti gbàdúrà, ohùn Bàbá Ọmọlabí ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbìyànjú láti fi ohùn tirẹ̀ pe Ọlọ́run, kò rí i. Ó wá a bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ̀rù wá ń bà á gan-an, ó ń bi ara rẹ̀ pé: ta ni Ọlọ́run ń gbọ́ yìí? Bí wọ́n bá ń pe Ṣèyífúnmi lọ́run, ta ló máa dáhùn?

Ìyàwó rẹ̀, Jọmílójú, kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Lọ́jọ́ kan ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń tiro bọ̀ láti yàrá, nínú ilé ara wọn, níbi tí kò sí ọmọ ìjọ kankan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ̀ ń fẹ́ mi, ẹsẹ̀ yín pé. Ta ló wá ṣẹ́ ẹ?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni," ni Ṣèyífúnmi fèsì.

"Ẹ̀mí wo ló ń wọ orúnkún?" Jọmílójú gbé abọ́ omi kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àárọ̀ Fúráìdè, ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí, ni Hàfísátù pè é láti Ìfọ̀. Ilé Hàfísátù àti ilé ìyá Ṣèyífúnmi, ògiri kan náà ni wọ́n jọ ní, òun ló sì ń mójú tó ìyá náà. Ó ní, "Bọ̀dá Ṣèyí, ẹ wá wo Ìyá o. Ojú wọn ti di pátápátá. Lánàá, iyọ̀ ni wọ́n bù sínú tíì. Ẹ̀yin náà sì nìyí, Kérésìmesì èṣí la rí yín gbẹ̀yìn."

Ojú tì í. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó mú ìnujú, ó jáde. Ó wọkọ̀ láti Mòwé dé Bẹ́gà, ó gba Àkútè, ó gba Òkè-Arò títí dé Agbádó, ibẹ̀ ló ti wọ èyí tó ń lọ Ìfọ̀. Ilé ló kún gbogbo Òkè-Arò báyìí. Nígbà tó wà ní kékeré, oko ẹ̀gẹ́ nìbẹ̀, bàbá rẹ̀ á sì máa na ìka sí i láti ojú fèrèsé ọkọ̀, á ní, "Ṣé o rí gbogbo ibí yìí? Èèyàn á kún un lọ́jọ́ kan." Bàbá náà ti kú kí ọjọ́ náà tó dé.

Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré lọ, ayé àtijọ́ ń bá a sáré. Ó rántí bí ilé wọn ṣe máa ń gbọ̀n tí rélùwéè bá ń kọjá, tí ìyá rẹ̀ á dá àdúrà dúró lẹ́nu, á dúró títí ọkọ̀ á fi kọjá tán, á wá ní, "Bí mo ṣe ń wí, Olúwa." Ó rántí òórùn igi tútù lára aṣọ bàbá rẹ̀, Dáníẹ́lì, káfíńtà tó tún jẹ́ bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan lẹ́yìn ojú irin. Ká má purọ́, Dáníẹ́lì ò mọ̀wàásù. Bó bá ń wàásù, àwọn àgbà á máa tòògbé, àwọn ọmọdé á máa ka eṣinṣin. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán Sátidé, á di ọwọ́ Ṣèyífúnmi mú, wọ́n á máa ti ilé aláìsàn kan bọ́ sí òmíràn, onígbàgbọ́ o, mùsùlùmí o, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Kì í kọ́kọ́ gbàdúrà. Á jókòó sétí ibùsùn, á mú ọwọ́ aláìsàn, á ní, "Kí lẹ jẹ lánàá?" Ìyẹn náà ni o. Aláìsàn á ní ẹ̀kọ lòun jẹ, kò lọ. Láti orí ẹ̀kọ ni wọ́n á ti dé orí ọmọ tí kò wálé mọ́, láti orí ọmọ ni wọ́n á ti dé orí ẹ̀rù ikú. Ìgbà yẹn ni Dáníẹ́lì tó máa gbàdúrà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀fìnkìn mú un, ó ní kí Ṣèyífúnmi béèrè. Ọmọ náà mú ọwọ́ ìyá arúgbó kan, ó béèrè. Ìyá náà sunkún, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bi òun ní nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà, Ṣèyífúnmi fi ọkàn rẹ̀ fún Jésù lẹ́bàá ojú irin, ó ní, "Olúwa, irú iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ máa bá ọ ṣe." Ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń sọ. Ìgbà tó dàgbà tán ló wá gbàgbé.

Ó dé ẹnu ọ̀nà. Hàfísátù ti lọ kírun Jímọ̀, ìyá nìkan ló wà nílé. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, ìka ló fi ń wá èyí tí kò tíì bó. Ọkàn Ṣèyífúnmi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àṣà ti di bárakú. Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó há ohùn, ó ní, "Àlàáfíà fún ilé yìí!"

Ìyá gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀ o, sà. Ta lẹ̀ ń béèrè?"

"Màmá, èmi ni."

"Ẹ̀yin ta nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́? Ojú ò ríran mọ́."

"Ṣèyífúnmi ni!"

Ìyá kó igbá ẹ̀gúsí rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ wò ó, bàbá, ẹ má fi arúgbó ṣẹ̀sín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbájúẹ̀ kan pè mí lórí fóònù, ó lóun ni Ṣèyífúnmi, ọlọ́pàá ti òun mọ́lé. Mo ní kó lọ jókòó. Ṣé èmi ò mọ ohùn ọmọ mi ni? Ọmọ mi kì í sì í tiro."

Ṣèyífúnmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá gbọ́ gbì, àyà rẹ̀ já. "Yéè! Ẹ ti ṣubú! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹsẹ̀ ọ̀hún náà ni. Ẹ rọra dìde, ẹ jókòó, kí n fún yín lómi."

Ó dìde, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tó máa ṣe. Ìyá náà rò pé ara ń ro àlejò òun, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ tù ú nínú. "Pásítọ̀ ni yín, àbí? Ìwúkọ́ yín jọ ti pásítọ̀. Ọmọ tèmi náà ń bẹ nínú iṣẹ́ Olúwa, ní Mòwé lọ́hùn-ún. Bóyá ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó ti di èèyàn ńlá. Kì í ráyè wá mọ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò bínú o. Ẹ ní kó kàn wá, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí etí náà tó bá ojú lọ."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ìyá ń rán ọmọ sí ọmọ. Omi bọ́ lójú Ṣèyífúnmi. Ó lanu láti sọ̀rọ̀, ikọ́ ló fẹ́ kọ́kọ́ jáde, ó yáa pa ẹnu náà dé. Ó ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ bó ṣe rù, tí iṣan yọ lórí rẹ̀, tó ń wá ẹ̀gúsí kiri inú igbá. Kò mọ̀gbà tó di ọwọ́ náà mú.

"Màmá," ló wí, "kí lẹ jẹ lánàá?"

Kò wúkọ́. Kò há ohùn. Ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, jẹ́jẹ́.

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Ìyá. Ẹ̀gúsí dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Bàbá Ṣèyí?" ló kọ́kọ́ wí, bí ẹni tí wọ́n pè látòkèèrè. Lẹ́yìn náà ló mi orí. "Rárá. Rárá o. Ṣèyífúnmi! Àkànní ọkọ mi! Ìwọ nìyí?" Ó di orí rẹ̀ mú, ó fọwọ́ wá àpá tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀ láti ọjọ́ tó já bọ́ lórí igi máńgòrò, ó rí i. Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún. Wọ́n sunkún débi pé adìẹ wá ń jẹ ẹ̀gúsí, kò sẹ́ni tó lé e.

Nígbà tó yá, ìyá nu ojú. "Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ, ọmọ mi?"

"Kò sí ohun tó ṣe é, Màmá."

"Kí lo wá ń tiro sí?"

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Àkànní, ta ni Jésù pè lẹ́bàá ojú irin? Ṣé Bàbá yẹn ni? Bí Ọlọ́run bá fẹ́ Bàbá yín méjì, ṣé kò ní dá a ní méjì ni? Odò tó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ló ń gbẹ. Lọ bọ́ kóòtù yìí, kí o lé adìẹ olójúkòkòrò yìí."

Ó sùn sí Ìfọ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, Hàfísátù mú un wọlé sọ́dọ̀ bàbá tirẹ̀, Bàbá Láwàlì, awakọ̀ àtijọ́ tí ẹ̀gbà mú apá kan ara rẹ̀. Ṣèyífúnmi jókòó sétí ibùsùn, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó béèrè ohun tó jẹ. Bàbá Láwàlì wò ó títí, ó ní, "Ọmọ Dáníẹ́lì." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó ní kó ṣàdúrà fún òun. Ohùn ara rẹ̀ ni Ṣèyífúnmi fi gbà á, ohùn kékeré tí kò lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde ló mọ̀ dájú pé Ọlọ́run mọ ẹni tó ń pe òun. Ìtura tó wọ ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò nírú rẹ̀ rí láti ìgbà ojú irin.

Ilẹ̀ Sọ́ńdè mọ́. Ilé ìsìn Mágbọ̀rọ̀ kún fọ́fọ́. Bàbá Ọmọlabí jókòó níwájú, àwọn pásítọ̀ kéékèèké tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Wọ́n pe Ṣèyífúnmi. Ó dìde, ó rìn gbọọrọ lọ sórí pẹpẹ. Kò tiro.

Kó tó la ẹnu, Bàbá Ọmọlabí ti fò dìde pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ yìí!" ló pariwo. "Ẹ wò ó! Láti ọjọ́ tí mo ti rí i tó ń tiro ni mo ti ń gbàdúrà. Àràárọ̀ ni mò ń dárúkọ ẹsẹ̀ yìí níwájú Ọlọ́run! Mo ní, Olúwa, bí o kò bá tilẹ̀ wo tèmi sàn, wo tọmọ yìí sàn. Ó mà ti ṣe é o! Halelúyà!" Omijé ń dà lójú bàbá arúgbó náà. Ni ilé bá gbiná. Àwọn akọrin gbé orin, àwọn ìyá ń yí nílẹ̀, ẹnì kan ti gbé fóònù sókè, ó ń ya fọ́tò ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ bá ṣe? Iṣẹ́ ìyanu ti délẹ̀ láìná an ní nǹkan kan. Bó bá dákẹ́, bó bá gbé ọwọ́ sókè péré, Mágbọ̀rọ̀ ti di tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ á sì kàn dé Ìbàfọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wù ú láti dákẹ́. Ẹ má jẹ́ ká tanra wa, ó wù ú gidigidi. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Bàbá, ó rí omijé yẹn, ó rántí ìyá kan tó kó igbá ẹ̀gúsí mọ́ra nítorí ó rò pé gbájúẹ̀ ló wọlé.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí. Ẹsẹ̀ mi ò fìgbà kan dùn mí rí. Ẹ̀yin ni mò ń sín jẹ."

Orin kú. Ìjókòó wá ń ro àwọn pásítọ̀ kéékèèké lára, ọ̀kan rọra fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sábẹ́ àga, òmíràn tẹ̀lé e. Ẹnì kan kùn lẹ́yìn pé, "Ẹ ò rí ọ̀dájú!" Bàbá Ọmọlabí rọra padà jókòó. Ṣèyífúnmi dìde, ó fi ohùn kékeré rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwọ̀nba. Ó ní Jésù tó pe òun, ọmọ Dáníẹ́lì káfíńtà ló pè, òun fúnra òun ló lọ fi ẹlòmíràn rọ́pò ara òun. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n jáde, Jọmílójú nìkan ló dúró tì í. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ọkọ mi ti dé. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni Bàbá ránṣẹ́ pè é sílé rẹ̀ ní Ìbàfọ̀. Ṣèyífúnmi mọ̀ pé ó ti parí. Ó bá Bàbá ní pálọ̀ lóun nìkan, tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àpótí. Orúnkún náà wú, ó ń dán. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa wo ẹsẹ̀ yẹn bí ẹsẹ̀ tó ń dun èèyàn. Láti ìgbà tó ti ń sín in jẹ, kò bi Bàbá rí bóyá ó ń ro ó. Àánú ṣe é débi pé ó gbàgbé ẹ̀bẹ̀ tó tò lẹ́nu. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́bàá àpótí, ó mú ọwọ́ bàbá náà.

"Bàbá, kí lẹ jẹ lánàá?"

Bàbá Ọmọlabí wò ó. Ó wúkọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ tòótọ́ ni. "Mi ò jẹun," ló wí nígbà tó yá. "Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú, bí mo bá wàásù tán báyìí, mo kàn máa ń sùn ni. Gbogbo ayé ló ń wá bi mí pé kí ni Ọlọ́run wí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo jẹun." Ó yíjú sí i. "Ohùn yìí, tìrẹ ni?"

"Tèmi ni, Bàbá."

"Ó dáa. Mo ti fún ẹlòmíràn ní Mágbọ̀rọ̀. Ìwọ, ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè dìde wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ni kí o máa lọ, láti ibí dé Ìfọ̀ yín lọ́hùn-ún. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ṣèyífúnmi mi orí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ó wọ kíṣìnnì, ó po ògì, ó ra àkàrà díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó gbé e wá. Bàbá jẹ ẹ́ tán. Ó lá ṣíbí.